Lẹ́tà Kan Láti Greenwich: Mary Walker, Àárẹ̀ Iṣan àti Èémí Ènìyàn

 

Ohun tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni bó ṣe yẹ ká máa ka iṣẹ́ olùwádìí ìṣègùn: àwọn àpilẹ̀kọ tó ti gbé jáde, ibi tó gbé wọn sí, àti ohun tí wọ́n fi kún ìmọ̀. Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa, gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń kà á. Bí àsìkò ìgbéga bá tó, a ó to àpilẹ̀kọ jọ, a ó ka iye rẹ̀, a ó sì wò ó bóyá ó pé. Mi ò sọ pé iye kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ohun tó máa fi hàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n, ìdí sì nìyẹn tí mo fi yan dókítà obìnrin kan tí àwọn àpilẹ̀kọ rẹ̀ kò pọ̀ rárá. Èyí tó lókìkí jù lọ nínú wọn kò tilẹ̀ jẹ́ àpilẹ̀kọ. Lẹ́tà ló kọ sí olóòtú ìwé ìròyìn ìṣègùn. Lẹ́tà náà ló ṣí ọ̀nà ìtọ́jú fún àìsàn kan tó ń ba iṣan jẹ́, tó sì ń gba ibẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró, tí kò sì ní oògùn gidi kan ṣáájú ìgbà náà.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ iṣan àti ẹ̀dọ̀fóró, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun méjì tí kò bára tan ni wọ́n. Ẹ̀dọ̀fóró kò lè dá mí. Kò ní iṣan tó lè fi fẹ ara rẹ̀. Iṣan pẹlẹbẹ ńlá tó pín àyà níyà kúrò lára ikùn, pẹ̀lú àwọn iṣan wẹ́wẹ́ tó wà láàárín egungun ìhà, ni wọ́n ń fà á fẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó lè wọlé. Bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ló rí: awọ ẹwìrì lè dára, kó má ní ihò kankan, ṣùgbọ́n bí apá ẹni tó ń fẹ́ ẹ bá rọ, iná á kú. Nítorí náà, a rí àwọn tó ń kú nítorí àìrí èémí mí dáadáa nígbà tí ẹ̀dọ̀fóró wọn kò ní àrùn kankan. Bí dókítà bá gbé etí sí àyà wọn, kò ní gbọ́ ohun tó burú. Bí wọ́n bá ya fọ́tò àyà, fọ́tò náà lè mọ́ kedere. Apá tó ń fẹ́ ẹwìrì ló ti rẹ̀.

Orúkọ tí àwọn dókítà ń pe àìsàn tí mo ń sọ yìí ni myasthenia gravis. Ẹni tó ní in lè jí láàárọ̀ kí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Bó bá di ọ̀sán, ìpéǹpéjú rẹ̀ kan á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, á máa rí ohun kan ní méjì. Bó bá ń jẹun, àgbọ̀n á ti rẹ̀ ẹ́ kó tó jẹ ìdajì oúnjẹ tán, omi tó mu á sì fẹ́ gba imú jáde. Bó bá ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, á sì bọ́ sí imú kó tó parí gbólóhùn. Bó bá sinmi, agbára á padà. Bó bá tún ṣiṣẹ́, agbára á tún lọ. Ẹ̀yin ẹbí tó bá ń wò ó, ẹ ò ní mọ ohun tí ẹ lè pè é: ẹni tó gbé garawa omi láàárọ̀ kò lè gbé ṣíbí dé ẹnu ní alẹ́. Nílé wa, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ pé ọ̀lẹ ni, tàbí pé ayé ti ń ṣe é.

Ewu tó wà níbẹ̀ ju ti ìpéǹpéjú lọ. Ọjọ́ tí àárẹ̀ náà bá dé orí àwọn iṣan tó ń fa èémí ni ikú sún mọ́ tòsí. Aláìsàn á máa mí kúkurú-kúkurú. Kò ní lè wúkọ́ débi tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ máa jáde. Itọ́ àti oúnjẹ tí kò lè gbé mì á máa yọ́ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, òtútù àyà á sì tẹ̀ lé e. Bí àìsàn iṣan ṣe ń di àìsàn ẹ̀dọ̀fóró nìyẹn.

Orúkọ dókítà tí mo ń sọ ni Mary Broadfoot Walker. Wigtown, ní gúúsù Skọ́tílándì, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1888. Edinburgh ló ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Ní ọdún 1920 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní St Alfege's Hospital ní Greenwich, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ipò dókítà olùrànlọ́wọ́. Ilé ìwòsàn yẹn kì í ṣe ti ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ti àwọn tálákà ni, èyí tí òfin ìrànwọ́ àwọn aláìní dá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí wọ́n ń kó àwọn tí kò ní alátìlẹ́yìn sí, kó tó di pé ìjọba ìlú Lọ́ńdọ̀nù gbà á ní 1930. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá inú ìmọ̀ nẹ́ẹ̀fù wà ní òdì-kejì ìlú, ní àwọn ilé ìwòsàn tó lórúkọ. Walker ń wo àwọn aláìsàn tó kún wọ́ọ̀dù rẹ̀, lọ́sàn-án àti lóru, ó sì ń dá kàwé fún ìdánwò. Ó ti lé ní ogójì ọdún kó tó gba oyè ọmọ ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn àgbà.

Ní 1934, obìnrin kan tó jẹ́ ẹni ọdún 56 wà ní wọ́ọ̀dù náà pẹ̀lú myasthenia gravis. Onímọ̀ nẹ́ẹ̀fù kan, Derek Denny-Brown, a máa wá sí St Alfege's láti wo irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ nípa àìsàn obìnrin yìí, ó sọ fún Walker pé ó jọ bí ìgbà tí curare wọ ènìyàn lára. Curare ni májèlé tí àwọn ọdẹ ní Gúúsù Amẹ́ríkà ń fi sórí ọfà. Ẹran tí ó bá wọ̀ lára kì í ní ìrora ńlá kan. Iṣan rẹ̀ ló máa ń dẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tí kò fi ní lè mí mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Walker lára. Ó wá inú ìwé lọ, ó sì rí i pé ohun kan wà tó ń dín agbára curare kù, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ oògùn ti mọ̀ tipẹ́: physostigmine. Ó rò ó báyìí: bí àìsàn yìí bá jọ curare, ohun tó ń bá curare jà á bá àìsàn náà jà. Ó fa oògùn náà sínú abẹ́rẹ́, ó sì gún obìnrin yẹn. Láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí sí wákàtí kan, ìpéǹpéjú tó ti wálẹ̀ gbéra sókè. Apá tó ti rọ lè gbé ara rẹ̀. Obìnrin náà gbé oúnjẹ mì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ohun gbogbo padà sí bó ṣe wà. Walker tún gún un, ó sì tún rí i bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 1934, The Lancet tẹ lẹ́tà rẹ̀ jáde. Mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbí wá a kà, nítorí kò gùn ju ohun tí ènìyàn lè kà kó tó mu tíì tán. Kò sí tábìlì onínọ́ńbà níbẹ̀. Aláìsàn kan ṣoṣo ni. Ó sọ ohun tó fún un, ìwọ̀n rẹ̀, ìgbà tí àyípadà dé, ìgbà tó lọ. Ó sọ pé ìrànwọ́ náà kì í pẹ́. Lẹ́yìn èyí ló wá kọ ohun tí mo kà sí ọkàn lẹ́tà náà: pé oògùn yìí lè gbé aláìsàn kọjá àkókò tí èémí bá fẹ́ já lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé ó fi hàn pé ibi tí nẹ́ẹ̀fù ti ń bá iṣan pàdé ni àìsàn náà wà. Ní 1934, wọn ò tíì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ bí nẹ́ẹ̀fù ṣe ń gbé iṣẹ́ fún iṣan. Láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì kan ní ilé ìwòsàn àwọn tálákà ló ti nàka sí ibi tí ó yẹ, ó sì tún ti rí iṣan àti èémí papọ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan náà.

Physostigmine tó lò yìí ní ìtàn tó kàn wá gan-an, torí Nàìjíríà ló ti wá. Inú èso ìtàkùn kan tó ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi ní agbègbè Kálábà ni. Ẹ̀wà ńlá dúdú ni, àwọn Éfíìkì ń pè é ní esere. Bí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ tàbí ẹ̀sùn ńlá mìíràn kan ẹnìkan, wọn á fún un ní omi tí wọ́n gún ẹ̀wà náà sí, kó mu ún. Bó bá bì í, kò jẹ̀bi. Bó bá kú, wọ́n gbà pé ó jẹ̀bi. Ní 1846, dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, William Freeman Daniell, ròyìn rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ní Bìrìtéènì. Àwọn míṣọ́nnárì Skọ́tílándì tó wà ní Kálábà ló fi ẹ̀wà náà ránṣẹ́ sí Edinburgh. Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Christison, tó jẹ́ ọ̀gá nínú ìmọ̀ májèlé, jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ láti mọ ohun tó ń ṣe. Nígbà tó rí i pé ara òun ti ń dẹ̀, omi tó fi fá irùngbọ̀n ló gbé mu kó lè bì. Ó gbé ìròyìn náà jáde ní 1855. Thomas Fraser, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Edinburgh kan náà, fi ẹ̀wà yìí ṣe ìwé oyè dókítà rẹ̀ ní 1862, wọ́n sì fún un ní mẹ́dà wúrà. Lẹ́yìn náà ló fi hàn pé atropine àti ẹ̀wà Kálábà ń bá ara wọn jà, tí ọ̀kan sì lè gba ènìyàn lọ́wọ́ èkejì. Ní 1864, Jobst àti Hesse ní Jámánì yọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀wà náà jáde, wọ́n sì pè é ní physostigmine.

Ẹ wo bí ẹ̀wà náà ṣe ń pa ènìyàn, ẹ ó sì rí ìdí tó fi lè woni sàn. Nígbà tí nẹ́ẹ̀fù bá fẹ́ kí iṣan ṣiṣẹ́, yóò tú ohun kan tó ń jẹ́ acetylcholine sílẹ̀ sí àlàfo tó wà láàárín wọn. Iṣan á gbà á, á sì fà. Kí iṣan má baà fà láìdúró, ohun mìíràn wà níbẹ̀ tó ń fọ́ acetylcholine túútúú lójú ẹsẹ̀. Ohun tó ń fọ́ ọ yìí ni ẹ̀wà Kálábà ń dè lọ́wọ́. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, acetylcholine á pọ̀ jù: itọ́ á máa dà, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á kún ihò èémí, àyà á há, iṣan á gbọ̀n, á rọ, ẹni náà kò sì ní lè mí. Lára ẹni tó ní myasthenia, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìwọ̀nba ibi díẹ̀ ló kù lára iṣan rẹ̀ tó lè gba iṣẹ́. Bí a bá dá acetylcholine dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i, ìwọ̀nba tó kù á rí i gbà. Nítorí náà, ìwọ̀n ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ohun tó ń gba èémí lọ́wọ́ ẹnìkan ní Kálábà ló dá èémí padà fún ẹlòmíràn ní Greenwich, aláìsàn tó bá sì lò ó ju bó ti yẹ lọ lónìí lè padà sí ibi tí ẹ̀wà náà ń gbé àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn dé. Ẹ̀yin dókítà kékeré, ẹ má gbàgbé apá kejì yìí. Mo ti rí i tí ara aláìsàn ń dẹ̀ sí i, tí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ sì ń fi oògùn kún oògùn.

Mo ti fẹ́ kánjú kọjá ìgbà tí lẹ́tà náà jáde. Inú gbogbo ènìyàn kò dùn sí i. Àwọn kan nínú àwọn ọ̀gá ṣiyèméjì, torí obìnrin tó wà ní ipò kékeré ní ilé ìwòsàn kékeré ló kọ ọ́, ẹni kan ṣoṣo ló sì gbà á lára. Walker kò bá wọn jà. Ó lo oògùn mìíràn tí wọ́n ṣe nílé ìṣègùn oníkẹ́míkà, prostigmin, tó jọ physostigmine, tí wàhálà rẹ̀ lára kò sì pọ̀ tó tirẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1935, ó mú aláìsàn lọ síwájú àwọn dókítà ní Royal Society of Medicine ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fi ojú ara wọn rí bí ẹni tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ti wálẹ̀ ṣe la ojú. Ní ọdún yẹn kan náà ni Edinburgh fún un ní oyè dókítà pẹ̀lú mẹ́dà wúrà. Ẹ kíyè sí i: ní yunifásítì kan náà, láti orí ẹ̀wà kan náà, Fraser ti gba mẹ́dà wúrà tirẹ̀ ní ọdún 73 ṣáájú.

Ohun kan wà tó yẹ kí n sọ kí òtítọ́ lè pé. Walker kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tí orúkọ prostigmin àti myasthenia jọ jáde nínú ìwé rẹ̀. Ní 1932, Lazar Remen ní Münster, ní Jámánì, ti fún aláìsàn kan ní prostigmin, ó sì kọ ọ́ pé ara rẹ̀ yá. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ni àpilẹ̀kọ rẹ̀ dá lé. Gbólóhùn díẹ̀ ló fi sọ ọ́, ó sì kọjá lọ. Bí a bá ń ka àpilẹ̀kọ níye, ti Remen ló ṣáájú. Ohun tí Walker ní tí kò sí nínú ìwé yẹn ni pé ó mọ ohun tó wà níwájú òun, ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìdí rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e títí tí ẹlòmíràn fi lè lò ó. Èyí ni mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ ìgbéga máa wá nínú ìwé ènìyàn.

Ní nǹkan bí àkókò tí Walker ń ṣe iṣẹ́ yìí, ní Indiana ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó jẹ́ ọmọ ọmọ ẹrú ń gbìyànjú láti fi ọwọ́ ṣe physostigmine láti ìbẹ̀rẹ̀. Percy Julian ni orúkọ rẹ̀, a bí i ní Montgomery, Alabama, ní 1899. Ó jáde ní ipò kìíní ní yunifásítì DePauw, ó gba oyè kejì ní Harvard, ṣùgbọ́n Vienna ló ti rí ọ̀nà gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1931, torí wọn ò fún un ní ààyè tó yẹ nílé. Ó padà sí DePauw pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Vienna, Josef Pikl. Ẹni tó ń bá wọn du iṣẹ́ náà ni Robert Robinson ti Oxford, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ kẹ́míkà tí ayé ń bẹ̀rù jù lọ, tó gba ẹ̀bùn Nobel lẹ́yìn náà ní 1947. Robinson ti gbé àpilẹ̀kọ lé àpilẹ̀kọ jáde nípa rẹ̀. Julian kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun tí Robinson ṣe kì í ṣe ohun tó sọ pé ó ṣe. Ẹ rò ó wò, olùwádìí tí kò ní iṣẹ́ tó fìdí múlẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ sì dúdú, ní 1935. Bí ó bá ti ṣe àṣìṣe, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ìbá parí sí. Wọ́n gbé ti wọn sórí iná láti mọ ìwọ̀n ooru tó máa ń yọ́. Ó bá ti inú ẹ̀wà Kálábà mu. Ti Robinson kò bá a mu. DePauw kò fún un ní ipò olùkọ́ síbẹ̀, ó sì lọ sí ilé iṣẹ́ kan ní Chicago. Ní 1973 ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà gbà á wọlé.

Níti Walker, ó padà sí wọ́ọ̀dù. Ó ṣì kọ àwọn nǹkan díẹ̀ sí i. Ó wo àwọn tó ní àìsàn kan tó ń rọ ara ní ìgbà díẹ̀-díẹ̀ láti ìran dé ìran, ó sì fi hàn pé potassium inú ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń wálẹ̀ nígbà tí ara bá rọ. Ní 1938, ó ròyìn aláìsàn myasthenia kan: ó fi bẹ́líìtì tí a fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ há a lápá, ó ní kó máa di ọwọ́ rẹ̀ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó tú bẹ́líìtì náà, ìpéǹpéjú aláìsàn wálẹ̀. Ó rò pé ohun kan láti inú apá ti gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ojú. Àlàyé tó ṣe nígbà náà kọ́ ló dúró lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ló ní ká wò. Ní 1960, John Simpson dábàá pé àwọn ọmọ ogun ara ló ń gbógun ti iṣan, àti ní 1975, Toyka àti Drachman pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà mú ohun ìjà inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, wọ́n fi sára eku, eku náà sì rí àìsàn náà. Walker kú ní 1974. Ní 1962 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù fún un ní ẹ̀bùn Jean Hunter, nígbà tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò di ọ̀jọ̀gbọ́n rí.

Apá èémí inú ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró de àwọn ẹlòmíràn. Ní 1952, àìsàn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà ní Copenhagen, ó sì rọ iṣan èémí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nínú 31 tí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú fún èémí ní ilé ìwòsàn Blegdam, 27 kú. Bjørn Ibsen, tó jẹ́ dókítà tó ń kun ènìyàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ, ní kí wọ́n la ọ̀nà sí ọ̀fun, kí wọ́n máa fi ọwọ́ tẹ àpò afẹ́fẹ́ sí ẹ̀dọ̀fóró aláìsàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó tó 1,500 jókòó ti bẹ́ẹ̀dì ní ìyípo-ìyípo, tọ̀sán-tòru, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Ikú dín kù púpọ̀. Ọ̀gá ibẹ̀, Lassen, ló kọ ọ́ sí The Lancet ní 1953, orúkọ tirẹ̀ nìkan ló sì wà lórí àpilẹ̀kọ náà. Ibẹ̀ ni àwọn wọ́ọ̀dù tí a ti ń fi ẹ̀rọ bá ènìyàn mí lónìí ti gbèrú. Nípasẹ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ aláìsàn myasthenia fi ń la àkókò ewu kọjá.

Nígbà tí a bá ka àwọn orúkọ yìí tán, Christison, Fraser, Walker, Julian, Ibsen, orúkọ Éfíìkì kan kò sí níbẹ̀. Àwọn tó mọ ìtàkùn náà, tó mọ ibi tó ń hù, tó mọ bí a ṣe ń gún un àti bí ó ṣe ń ṣe ènìyàn, tó sì fi lé àwọn àlejò lọ́wọ́, a kò rí orúkọ wọn nínú ìwé kankan gẹ́gẹ́ bí olùwádìí. Ó dùn mí. Mi ò gbóríyìn fún lílo májèlé láti fi dájọ́. Ọ̀pọ̀ aláìṣẹ̀ ló bá a lọ. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ni ìmọ̀, ẹni tó ni ín sì yẹ kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìtàn. Bí ẹ bá ń ṣe ìwádìí lórí egbòogi lónìí, ẹ kọ orúkọ àgbà tó fi ewé náà hàn yín, bí ó bá fọwọ́ sí i.

Kí n wá sọ nípa ilé. Oògùn tó jẹ́ àbúrò ẹ̀wà Kálábà, neostigmine àti pyridostigmine, wà nínú àwọn oògùn tí àjọ ìlera àgbáyé sọ pé orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ ní. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹnìkan kọ́kọ́ mọ àìsàn náà. Bí ìpéǹpéjú ọmọ yín tàbí ìyá yín bá ń wálẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tó ń rí nǹkan ní méjì, tí ohùn rẹ̀ ń bọ́ sí imú, tí omi ń gba imú rẹ̀ jáde, ẹ má gbé e jókòó sílé láti máa wo ojú ayé. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá. Ohun kan tún wà tó ń pa wọ́n ní ìlú wa ju bí a ṣe mọ̀ lọ, ìyẹn oògùn tí a ń rà ní kémíìsì. Quinine àti chloroquine fún ibà, ciprofloxacin, erythromycin àti azithromycin fún ikọ́ tàbí inú rírun, abẹ́rẹ́ gentamicin: gbogbo wọn lè mú àárẹ̀ iṣan náà burú sí i, débi pé èémí á já. Aláìsàn myasthenia tí ibà bá mú gbọ́dọ̀ sọ orúkọ àìsàn rẹ̀ kó tó gba oògùn kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí ẹbí rẹ̀ náà sì mọ̀ ọ́n sọ.

Ẹ̀yin dókítà tó wà ní ọsibítù ìjọba ìbílẹ̀, níbi tí kò sí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn èémí, ẹ lè wọ̀n ọ́n. Ẹ ní kí aláìsàn fa èémí kan ṣoṣo sínú, kó máa ka nọ́ńbà sókè láìtún mí, ìkan, èjì, ẹ̀ta. Ẹni tí ara rẹ̀ dá lè lé ní 40. Bó bá dá ní 20 tàbí kó má dé bẹ̀, ewu wà nílẹ̀. Bí ìpéǹpéjú bá wálẹ̀, ẹ fi yìnyín tí ẹ fi aṣọ wé lé ojú tó ti pa dé fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ wò ó bóyá yóò gbéra. Òtútù máa ń dín fífọ́ acetylcholine kù. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, àti aago tí ẹ rí i, fún ẹni kan yẹn tó wà níwájú yín. Bí iye tó ń kà bá ń wálẹ̀ láti wákàtí dé wákàtí, ẹ má dúró de ìgbà tí ètè yóò dúdú kí ẹ tó wá ẹ̀rọ tí a ó fi bá a mí.